Ohùn Ẹ̀gbọ́n, Ọwọ́ Àbúrò

Ẹ wò ó, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan máa gba ìyìn iṣẹ́ ẹlòmíràn lójú ẹni tó ṣe é, kí ẹni tó ṣe é sì tún máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní àsọdùn ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣẹlẹ̀ nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bàtà, láàárín tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí àwọn méjèèjì jẹ́ obìnrin, ọmọ ìyá kan náà, ọmọ bàbá kan náà.

Iṣẹ́ ìwọ́ra ni ẹ̀gbọ́n ń ṣe, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní masáàjì. Bí ọrùn ẹnì kan bá gan, bí ẹ̀yìn ẹlòmíràn bá ń ro ó nítorí àga ọ́fíìsì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gun àtẹ̀gùn wá. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń fọ táwẹ̀lì, tó ń ká a, tó ń gbé omi kaná, tó sì ń nu bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti dìde. Òun náà ní orúkọ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-igi lọ́jọ́ kan, ó fi ṣàwàdà níwájú oníbàárà, oníbàárà rẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. "Ọlọ́wọ́-igi, gbé omi wá." "Ọlọ́wọ́-igi, ṣé àyè wà fún mi lọ́la?" Inú ń bí mi sí orúkọ yẹn, èmi ò ní í pè é bẹ́ẹ̀. Àbúrò ni màá máa pè é.

Iṣẹ́ yẹn wà lọ́kàn Àbúrò ju bó ṣe ń fi hàn lọ. Bó bá ń sá táwẹ̀lì lẹ́yìnkùlé, á máa wo àwọn oníbàárà bí wọ́n ṣe ń gòkè: ọ̀kan di ìbàdí mú, òmíràn kò lè yí ọrùn láti kí i, gbogbo ara ló máa yí bí ọkọ̀ akẹ́rù. Bí wọ́n bá wá ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n á máa ju apá fìrìfìrì, ẹ̀rín á ti gba ẹnu wọn. Ó wù ú kí òun náà jẹ́ ẹni tó fa irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe ọmọdé mọ́. Ó ti ṣe akọ̀wé níbi kan tó kógbá sílé, ó ti ta bàtà ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé yẹn, kò sí èyí tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn nínú gbogbo rẹ̀. Ni ó bá lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí kò sí oníbàárà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé mo lè jẹun nídìí iṣẹ́ yìí?"

Ẹ̀gbọ́n gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń yí wọn sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń yẹ bàtà àlòkù wò.

"Àbúrò mi, mo lè parọ́ fún gbogbo ayé, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ọwọ́ ẹ ò gbọ́ nǹkan. Igi ni. Ṣùgbọ́n má bọkàn jẹ́, màá máa kọ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ kó o mọ̀: ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀."

Ẹ̀kọ́ náà nìyí. Oníbàárà á gun bẹ́ẹ̀dì, á dojú bolẹ̀ sínú ihò roboto tí wọ́n gbẹ́ síbi orí rẹ̀. Ẹni tó bá wà báyẹn, ilẹ̀ nìkan ló ń rí. Ẹ̀gbọ́n á kí i, á béèrè ará ilé, á da òróró sọ́wọ́, á bẹ̀rẹ̀ láti èjìká. Tó bá ṣe díẹ̀, á fa táwẹ̀lì gbígbóná yọ nínú omi, á fún un, á tẹ́ ẹ bo ẹ̀yìn onítọ̀hún. Ìdí táwẹ̀lì yẹn ni gbogbo ọgbọ́n wà. Kí wọ́n tó ká a kúrò, ẹ̀gbọ́n á ti sún sórí àpótí tó wà níbi orí bẹ́ẹ̀dì, Àbúrò á sì ti jáde látẹ̀yìn kọ́tìnnì wá bọ́ sípò rẹ̀, òróró kan náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàtà onírọ́bà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀ kí ẹsẹ̀ má dún. Àbúrò ò gbọdọ̀ wọ òrùka, kò gbọdọ̀ wúkọ́. Á máa wọ́ ẹ̀yìn, á máa tẹ ọrùn, á máa po èjìká bí ẹni ń po ìyẹ̀fun, ẹ̀gbọ́n á sì jókòó sórí àpótí, á máa sọ̀rọ̀.

"Ibí yìí ló ń dùn yín, àbí? Mo ti mú un."

Kò mú nǹkan kan. Ife tíì ló mú lọ́wọ́.

Bí oníbàárà bá ti lọ tán, àtúnṣe á wá bẹ̀rẹ̀. "O gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀ nígbà tó o dé ìbàdí? Ìrora ni. Ọpẹ́lọpẹ́ èmi tí mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án." Àbúrò á ní kí ẹ̀gbọ́n òun má bínú. Tọkàntọkàn ló fi ń bẹ̀bẹ̀, ó tilẹ̀ ń dúpẹ́ pé wọ́n fara da òun. Tí oníbàárà bá tún padà wá lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú àna rẹ̀ àti ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì, Àbúrò á ní iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun nìyẹn. Ó ti ń rí i pé ẹ̀gbọ́n kò lè ṣí ìdérí ìgò òróró mọ́, òun ni wọ́n máa ń gbé e fún. Ó rò pé àárẹ̀ ni. Orí mi ń gbóná bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ní àsìkò tí mò ń wí yìí, ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ níwájú Àbúrò. Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ń wá ẹni tí yóò ṣe olórí àwọn tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti rí i, ó wù wọ́n, èsì rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń retí. Ọ̀nà kejì ni ilé-ẹ̀kọ́ ìwọ́ra tó wà nínú ìlú. Ibẹ̀ kì í gba ẹnikẹ́ni àfi bí ẹnì kan tó wà nídìí iṣẹ́ náà bá fẹnu ara rẹ̀ ṣe onígbọ̀wọ́ fún un. Wọ́n ní iṣẹ́ tí èèyàn ti ń fọwọ́ kan ìhòòhò ẹlòmíràn kọjá ohun tí àwọn lè gbé lé ẹni tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì dájú. Ti ilé-ẹ̀kọ́ ló ń fà á lọ́kàn. Àbúrò ò mọ ẹlòmíràn nídìí iṣẹ́ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló lọ kúnlẹ̀ fún.

Ẹ̀gbọ́n múra, ó wọ aṣọ tó dáa, ó lọ. Nígbà tó dé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó wọ̀ọ̀.

"Mo bẹ̀ wọ́n títí, ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi. Wọ́n ní rárá."

"Kí ni wọ́n ní mo ṣe?"

"Wọn ò ṣàlàyé. Ṣé ìwọ náà mọ àwọn alákọ̀wé."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ gbìyànjú."

Àbúrò wọ balùwẹ̀, ó ṣí omi sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ. Ó kó àwọn táwẹ̀lì tó wà nílẹ̀, ó gbé wọn lọ sẹ́yìnkùlé níbi tí kò ti ní gbọ́ ọ mọ́.

Ẹ ó rò pé yóò ní kí ọmọ ìyá rẹ̀ gba ti hòtẹ́ẹ̀lì nígbà yẹn. Kò sọ bẹ́ẹ̀. "Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" ló wí. "Táwẹ̀lì kan náà ni. Dúró tì mí, má dá mi dá iṣẹ́ yìí." Àbúrò wá dà bí ẹni tó dúró sí ẹnu ọ̀nà, tí kò wọlé tí kò jáde. Kò tíì fún àwọn ará hòtẹ́ẹ̀lì lésì, nítorí pé ó mọ̀ pé ọjọ́ tí òun bá ti gbà, òun ti gbà náà nìyẹn pé igi ni ọwọ́ òun.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ẹnì kan gun àtẹ̀gùn wá pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Obìnrin ni, ó ti dàgbà díẹ̀, ohùn rẹ̀ múná. Ta ni, bí kò ṣe tíṣà àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìwọ́ra. Ó ní ìbàdí ló ń yọ òun lẹ́nu, pé àwọn tí òun kọ́ níṣẹ́ ń ṣojú àánú fún òun, wọn kì í tẹ òun dáadáa, òun sì ti gbọ́ òkìkí Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀. Inú ẹ̀gbọ́n dùn, àyà rẹ̀ sì já. Ó fa Àbúrò wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì.

"Tòní, èmi nìkan ni. Jókòó síbí. Má mira."

Àbúrò jókòó, ó ń wò wọ́n láti ibi tí aṣọ kọ́tìnnì ti pínyà. Ẹ̀gbọ́n da òróró sọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí òógùn fi bò ó. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn tíṣà, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀. Ó fi igbọ̀nwọ́ dípò.

"Ẹ rọra, mà," ni tíṣà wí láti inú ihò. "Egungun lẹ gùn lé yẹn."

"Ẹ má bínú, mà. Ó ti gan jù ni."

Ẹ̀gbọ́n ti mọ́wọ́ kúrò. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àtàǹpàkò rẹ̀ bí ẹni tí iná jó. Lẹ́yìn náà, ó nawọ́ sí táwẹ̀lì gbígbóná, ó tẹ́ ẹ, ó sì wo kọ́tìnnì. Àbúrò mọ ohun tí ìwò yẹn ń wí. Ó dìde, ó jáde.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tó le, ó dúró lé e, kò kánjú, títí ibẹ̀ fi dẹ̀. Ó tibẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀ dé abẹ́ egungun èjìká.

"Áà," ni tíṣà wí. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ báyìí. Mo ti fẹ́ máa bínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọṣẹ́, ẹ kì í tètè gbé ọjà yín jáde."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín kékeré lórí àpótí. "Díẹ̀díẹ̀ ni, mà."

"Ibi tí ọwọ́ yín wà yìí gan-an, àwọn ọmọ wa á lo ọdún kan gbáko kí wọ́n tó rí i. Àwọn mìíràn ò ní rí i láéláé. Ẹ ó bá mi wá kọ́ wọn. Ẹ má ní ẹ ò ráyè."

"Màá rò ó, mà."

Àbúrò wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Nígbà tó yé e pé òun gbọ́ dáadáa, ayọ̀ kan sọ nínú rẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kó pariwo. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè jọ yọ̀. Ẹ̀gbọ́n kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Inú ife tíì ló ń wò.

"Àbúrò yín yẹn ńkọ́?" ni tíṣà tún wí, oorun ti fẹ́ máa wà nínú ohùn rẹ̀. "Èyí tí ẹ wá torí rẹ̀ bá mi. Ṣé ẹ ti bá a rí nǹkan mìíràn ṣe?"

"Ẹ jẹ́ á fi sílẹ̀, mà. Ẹ sinmi."

"Mo máa ń fi yín sọ̀rọ̀ fún àwọn èèyàn. Ṣebí lójú yín ni mo ti ní kó máa bọ̀, mo ti fún un láyè. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní kí n má gbà á, pé igi lásán ni ọwọ́ rẹ̀, pé ó máa ṣe èèyàn léṣe. Èèyàn mélòó ló lè sọ òótọ́ bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ ìyá rẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè. Ó fi ìka lé ètè, ó mi orí, ó wá pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí Àbúrò mọ̀ pé òótọ́ ni. Ká ní ẹ̀gbọ́n bínú ni, ká ní ó jágbe mọ́ tíṣà pé irọ́ ni, Àbúrò ì bá gbà á gbọ́. Òun tó ti ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ látìgbà tó ti gbọ́n. Ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń de okùn bàtà ló wọ aṣọ tó dáa, tó rìn lọ sílé-ẹ̀kọ́ yẹn, tó lọ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, tó sì padà wá sílé wá gba ọpẹ́. Ó dùn ún dé inú egungun. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn tíṣà, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ fúnra rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ló bí i nínú jù. Ó gbé ọwọ́ kúrò.

"Ẹ má tíì dá a dúró o," ni tíṣà wí.

"Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi, mà," ni Àbúrò wí. "Èmi ni. Èmi ni àbúrò tí wọ́n ní igi ni ọwọ́ rẹ̀."

Tíṣà dìde jókòó, ó fa táwẹ̀lì bo àyà. Ó wo ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí rẹ̀ pẹ̀lú òróró lọ́wọ́. Ó wo ẹni tó jókòó síbi orí rẹ̀ pẹ̀lú ife tíì. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún un.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ́ táwẹ̀lì, mà."

"Mi ò béèrè tòní. Láti ìgbà wo lẹ ti ń ṣe é fáwọn èèyàn?"

Àbúrò ní ó ti pẹ́. Ó ní òun rò pé ẹ̀kọ́ ni. Ó ń retí kí obìnrin náà sọ pé ọwọ́ rẹ̀ dáa, pé kó máa bọ̀ lọ́la, kí gbogbo rẹ̀ sì tán síbẹ̀. Ojú tíṣà kò rọ̀.

"Nígbà tó ò ń ṣe é, o mọ̀ pé wọn ò mọ̀ pé ìwọ ni?"

Àbúrò fẹ́ sọ pé àṣẹ ẹ̀gbọ́n òun ni. Ó fẹ́ sọ pé wọ́n ní ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀. Kò sí èyí tó dáhùn ìbéèrè náà nínú méjèèjì.

"Mo mọ̀, mà."

"Kí a tó ṣí ìgò òróró nílé-ẹ̀kọ́ wa, ohun tí a ń kọ́kọ́ kọ́ wọn nìyẹn. Ẹni tó dojú bolẹ̀ ò lè rí yín. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un, ta ló fẹ́ fọwọ́ kàn án, kó sì gbà tàbí kó kọ̀." Tíṣà ń wọ aṣọ, ó ti kẹ̀yìn sí wọn. Nígbà tó parí, ó yíjú padà sí Àbúrò nìkan. "Ọwọ́ ẹ dáa. Wọ́n ti parọ́ fún ẹ tó, èmi ò ní fi kún un. Mi ò tún ń wá onígbọ̀wọ́ lọ́dọ̀ ẹ. Lọ sọ fún gbogbo àwọn tó o ti fọwọ́ kàn bẹ́ẹ̀, lójú ara wọn, pé ìwọ ni. Tó o bá ti sọ fún wọn tán, wá bá mi."

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ. Wọ́n ń gbọ́ ìró ọ̀pá náà lórí àtẹ̀gùn títí ó fi dé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n gbé ife sílẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ó gbìyànjú láti tẹ àtàǹpàkò rẹ̀, kò tẹ̀.

"Wò ó. Ó ti kú. Èkejì náà ti ń tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ yìí ló jẹ ẹ́."

"Ẹ bá ti sọ fún mi."

"Tí mo bá sọ fún ẹ, o máa lọ."

"Mi ò ní lọ!" Àbúrò ò tíì pariwo mọ́ ọn rí. "Ká ní ẹ sọ pé, 'Àbúrò mi, ọwọ́ mi ti kú, yá mi ní tìẹ,' ǹ bá yá yín títí mo fi máa darúgbó. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí n máa bẹ̀bẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń bẹ̀ yín nítorí ohun tí mo ṣe dáadáa. Ẹ wá mú mi ṣe ohun tí wọ́n lè torí ẹ̀ lé mi nídìí iṣẹ́ náà pátápátá."

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Ó ṣe tán, ohun tó kù fún mi ò ju ẹnu lọ."

Àánú rẹ̀ ṣe Àbúrò, ó sì kórìíra àánú yẹn. Ẹ̀gbọ́n rí i, ó sún mọ́ ọn, ó sọ ohùn kalẹ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ fún oníbàárà.

"Gbọ́ mi. Gba iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì yẹn. Màá wá ẹlòmíràn tàbí kí n ti ibí pa. Tó o bá gba ibẹ̀, kò sí ìdí láti sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ò ní tì ẹ́, ojú ò ní ti èmi náà. Tó o bá ń lọ láti ilé dé ilé, èmi ni wọ́n máa pè lólè. Ọmọ ìyá ẹ ni mí."

Ká má parọ́, ìmọ̀ràn tó rọrùn ni. Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀, ipò ń bẹ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo sì ni lóòótọ́. Ó ti rẹ Àbúrò. Ó gun bẹ́ẹ̀dì, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tó ti ń nù ún, ó dojú bolẹ̀ sínú ihò roboto yẹn, ó ń wo ilẹ̀. Kò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú kan lọ, kò mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú yàrá náà, bóyá níbi orí ni, bóyá nídìí ẹsẹ̀. Ọwọ́ kan sì bà lé e lẹ́yìn lójijì.

"Ta nìyẹn?" ló ké, ó ti fò dìde.

Àwọn méjì péré ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dúró tì í, ó na ọwọ́ tó fẹ́ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún sí afẹ́fẹ́. Àbúrò ronú kan gbogbo ẹ̀yìn tó ti wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú yàrá yẹn, gbogbo wọn tí wọn ò béèrè ta nìyẹn nítorí pé wọ́n rò pé àwọn ti mọ̀. Bó bá gba ti hòtẹ́ẹ̀lì, wọn ò ní mọ̀ láéláé, òun á sì jọ ẹ̀gbọ́n òun.

"Mi ò ní sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún wọn," ló wí. "Ohun tí mo ṣe ni màá sọ."

"Ọ̀kan náà ni!"

"Tó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni, kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó pe hòtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí wọ́n má retí òun. Lẹ́yìn náà, ó lọ sílé aránṣọ kan tó wà lópòópónà kejì. Ó mọ̀ọ́mọ̀ mú èyí tó le jù ṣáájú. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni obìnrin yẹn ń jókòó sí láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ọrùn rẹ̀ a sì máa gan, ó ti pẹ́ tó ti ń wá. Lọ́jọ́ kan lórí bẹ́ẹ̀dì, bí ọrùn yẹn ṣe ń tú lábẹ́ ọwọ́ Àbúrò, ẹkún bọ́ lójú aránṣọ náà, ó sì ń sọ fún ẹ̀gbọ́n bí ìyá òun ṣe ránṣẹ́ pe òun kó tó kú, tí òun ní òun á wá tí òun bá parí aṣọ tó wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń tù ú nínú láti orí àpótí. Àbúrò ń tẹ ọrùn lọ.

Aránṣọ kò dá ẹ̀rọ dúró nígbà tó wọlé. "Ọlọ́wọ́-igi! Kí ló dé? Ṣé àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ wà?"

Àbúrò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ọ́. Kò ṣe é gùn, kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kó tó parí, ẹ̀rọ ti dákẹ́.

"Ìwọ lo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo sọ̀rọ̀ ìyá mi?"

"Èmi ni, mà."

"Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi. Mi ò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Ẹnì kan ni mo rò pé mo sọ ọ́ fún." Ó yíjú sí Àbúrò. "Ìwọ wà níbẹ̀, ò ń gbọ́ ọ, o wá nu ọwọ́ ẹ, o lọ ń ká táwẹ̀lì. Mo sọ̀kalẹ̀, mo kí ẹ ní Ọlọ́wọ́-igi, o sì dá mi lóhùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló wá dé tó o fi ń sọ ọ́ fún mi lónìí? Ẹ̀rí ọkàn ni?"

"Ilé-ẹ̀kọ́ ìwọ́ra ò ní gbà mí tí mi ò bá sọ fún yín."

"Áà. Torí ara ẹ náà ni."

"Torí ara mi náà ni, mà. Ẹ má bínú."

Aránṣọ mú aṣọ tó ń rán kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó gbé e lé itan, kò ṣe nǹkan kan sí i.

"Lọ́jọ́ yẹn, kí n tó dìde, mo ṣàdúrà. Mo ní kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ tó tu ọrùn mi lára. Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe àmín, mo gbọ́ ọ. Ìwọ ńkọ́? Kí lo wí?"

"Èmi náà ṣe àmín, mà," ni Àbúrò wí. "Mo ṣe é sínú."

Omi dé ojú àwọn méjèèjì, kò sì sí èyí tó sún mọ́ ẹnì kejì rẹ̀. Aránṣọ ní òun kò mọ̀ bóyá òun á lè dárí jì í, kó má sì tún fọwọ́ kan òun mọ́. Ó ní kó máa lọ, kó lọ sọ fún àwọn yòókù. Àbúrò kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀, ó jáde, ó sì yà sí ilé kejì.